Kí o tó sanwó ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ ìtọ́jú igi

Àbúrò, o ní ṣé kí o kọ́kọ́ gba ìwé-ẹ̀rí ISA, ìyẹn ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn olùtọ́jú igi, ni, àbí kí o wọṣẹ́ ná. Ó kéré tán, ìrírí ọdún 3 ni ISA ń béèrè kí èèyàn tó ṣe ìdánwò, àfi tí o bá ní ìwé-ẹ̀rí ẹ̀kọ́ tí yóò dín in kù. Ilẹ̀ ni wàá ti bẹ̀rẹ̀: kíkó ẹ̀ka, dídi okùn mú, títa kókó. Ìyẹn ò le.

Ibi tó le ni gbígba èèyàn là lórí igi. Àwọn olùkọ́ tó ń pín ìwé-ẹ̀rí lẹ́yìn ọjọ́ 2 ń bí mi nínú gan-an. Wọ́n á gbé ọmọlangidi kọ́ síbi tí kò ga jorí lọ, wọ́n á ní o ti mọ̀ ọ́n. Ẹni tó dákú nínú bẹ́líìtì ìgungi, tó rọ̀ dirodiro, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń kóra jọ sẹ́sẹ̀ ni. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lè gbẹ̀mí rẹ̀. Ta ló fẹ́ dúró de panápaná? Ẹni kejì tó mọ igi gùn gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀, kí bẹ́líìtì rẹ̀ wà lára rẹ̀, kì í ṣe nínú ọkọ̀, kí okùn ìgbàlà sì ti wà lórí igi kí ayùn ẹlẹ́ńjìnì tó dún.

Ohun tó máa ń dá gbogbo rẹ̀ rú ni igbà tí ẹni náà fi so ara rẹ̀ mọ́ igi. Tí gbogbo ìwúwo rẹ̀ bá ti wà lórí igbà yẹn, ìkọ́ rẹ̀ ò ní ṣí. Kọ́kọ́ gbé ìwúwo náà sórí okùn tìrẹ, kó o tó tú u. Ẹni tó bá sáré yọ ọ̀bẹ lè gé okùn tó gbé àwọn méjèèjì dúró. Ẹ fi èèyàn gidi tó wúwo dánra wò, kó sì jẹ́ níbi tó ga.

Lórí igi, ibi 2 ni kó o so ara rẹ mọ́ kó o tó tan ayùn, ọwọ́ méjèèjì ni wàá sì fi dì í mú. Apá òkè ṣóńṣó irin ayùn ò gbọdọ̀ kan igi; ibẹ̀ ló ti ń ta padà sójú. Ní ti ṣòkòtò tó ń dáàbò bo ẹsẹ̀ lọ́wọ́ ayùn, ààbò irú A kò dé ẹ̀yìn ẹsẹ̀, ti irú C ló yí i ká. Òun ni ti agungi. Má ra bẹ́líìtì àlòkù tí o ò mọ ìtàn rẹ̀. Akoto tí igi bá ti bà, jù ú nù. Igi tútù ń gbé iná o: ó kéré tán, fi mítà 3 jìnnà sí wáyà, kó o sì jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ tí iná rẹ̀ bá lágbára gan-an.

Nígbà tí o bá ń wáṣẹ́, bi ọ̀gá náà pé ta ni yóò gun igi wá gbé ọ, ìgbà wo ló sì dánra wò kẹ́yìn. Tó bá fi ọ́ rẹ́rìn-ín, wá ibòmíràn.