Okùn Ọkọ̀ Tó Ń Já Lójú Línò

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́. Olùkọ́ ni mí ní ìlú Òǹdó, mo sì ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fín àwòrán sára línò, ìyẹn ohun pẹlẹbẹ rírọ̀ tí ọ̀bẹ ń wọ̀, kí wọ́n tó fi íǹkì pa á, kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Fọ́tò àtijọ́ kan, ti ọkọ̀ òkun onígbòkun tó dúró sí èbúté, ni mò ń wò fín in. Àwọn okùn tó so mọ́ òpó ọkọ̀ náà kò yé já mọ́ mi lọ́wọ́, orúkọ ara ọkọ̀ sì yọ ní òdì lórí bébà. Ọ̀nà wo ni mo lè gbé e gbà?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìforítì, Olùkọ́ wa. Inú mi dùn pé Òǹdó ni ìbéèrè yìí ti wá, nítorí Bruce Onobrakpeya, tí iṣẹ́ línò rẹ̀ gbajúmọ̀, ti ṣe olùkọ́ ní Ondo Boys' High School kí ó tó lọ kàwé ní Zaria ní 1957.

Ti orúkọ kò le rárá. Ohun tí a bá fín sára línò máa ń yí padà lórí bébà bí ojú ẹni ṣe ń yí padà nínú dígí. Nítorí náà, ẹ fi pẹ́ńsùlù rírọ̀ da fọ́tò náà kọ sórí bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ da ojú bébà náà dé línò, kí ẹ sì fi ẹ̀yìn ṣíbí ra á títí ìlà yóò fi hàn.

Ibi okùn gan-an ni iṣẹ́ wà. Gẹ́gẹ́ bí ibi tí aládìrẹ bá fi ẹ̀kọ bò ṣe máa ń funfun, ibi tí ọ̀bẹ bá fín kúrò lára línò ni yóò funfun, ibi tí a bá sì fi sílẹ̀ ni íǹkì yóò mú. Ẹni tó bá ń wá okùn dúdú nínú sánmà funfun ní láti gbẹ́ ọ̀tún, kí ó gbẹ́ òsì, kí ó wá ṣẹ́ku ògiri tín-ín-rín kan tí kò nípọn ju ẹyọ ìgbálẹ̀ lọ. Línò kò lè gba irú ìyà bẹ́ẹ̀, nítorí kò ní iṣan bí igi: epo èso ọ̀gbọ̀ àti èèpo igi kọ́ọ̀kì lílọ̀ ni wọ́n pò pọ̀, tí wọ́n tẹ́ sórí aṣọ àpò. Nígbà tí Frederick Walton, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe é jáde ní àwọn ọdún 1860, ilẹ̀ ilé ni ó ní lọ́kàn láti fi tẹ́.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ sọ sánmà náà di dúdú. Ẹ má fín in rárá. Ẹ fi ọ̀bẹ ìfín ẹlẹ́nu ṣóńṣó fa okùn kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, yóò sì jáde ní funfun láìjá. Ẹ má ṣe rò pé ẹ ń pa irọ́ mọ́ fọ́tò náà. Àwọn kẹ́míkà tí àwọn oníyàwòrán ayé ijọ́un ń lò, àwọ̀ ojú ọ̀run máa ń tètè mú wọn ju àwọ̀ yòókù lọ, ìdí nìyẹn tí sánmà fi máa ń funfun nínú fọ́tò wọn, bí ìkùukùu tilẹ̀ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Omi náà kì í ní ìgbì, nítorí ojú kámẹ́rà máa ń là sílẹ̀ pẹ́, ìgbì á sì ti rú pọ̀ mọ́ra. Ẹ fi ìlà kúkúrú mẹ́ta-mẹ́rin sí ìdí ọkọ̀, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀.

Ní àárọ̀ ọyẹ́ níhìn-ín ní Àkúrẹ́, línò máa ń gan bí awọ gbígbẹ. Mo máa ń sá a sóòrùn títí ọ̀bẹ yóò fi máa wọ̀ ọ́ bí ìgbà tí a ń gé ọṣẹ. Ọwọ́ tó di línò mú gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn ẹnu ọ̀bẹ nígbà gbogbo. Ẹ má jẹ́ kí íǹkì pọ̀ lára rólà, ohun yíyí tí a fi ń pa íǹkì sójú línò, nítorí yóò kún ojú okùn, gbogbo làálàá yín á sì parẹ́.

Kí ẹ tó fi ọwọ́ kan òpó ọkọ̀ náà, ẹ kọ́kọ́ fín okùn mẹ́ta péré sára ègé línò kan, ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ fọ́tò náà wò.