Ṣé bakitéríà inú ilẹ̀ lè rọ́pò yúríà fún àgbàdo?

Rárá, kò lè rọ́pò rẹ̀ pátápátá, àmọ́ ó lè dín iye yúríà, ìyẹn ajílẹ̀ tó ń fún irúgbìn ní náítírójìn, tí àgbàdo nílò kù. Èyí tí wọ́n sábà máa ń lò ni Azospirillum brasilense. Ó máa ń fa díẹ̀ nínú náítírójìn inú afẹ́fẹ́ wá fún irúgbìn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ tó ṣe pàtàkì jù ni pé ó ń pèsè èròjà tó ń mú kí gbòǹgbò pọ̀ sí i, kí ó sì ta jìnnà. Nípa bẹ́ẹ̀, àgbàdo á rí omi àti ajílẹ̀ tó wà nílẹ̀ fà dáadáa.

Ti ẹ̀wà sóyà yàtọ̀. Bakitéríà mìíràn tó ń jẹ́ Bradyrhizobium máa ń so kókó sára gbòǹgbò rẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti ń pèsè èyí tó pọ̀ jù nínú náítírójìn tó nílò. Àgbàdo, ìrẹsì àti ọkà bàbà kì í ní irú kókó yìí.

Ní Brazil, níbi tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Johanna Döbereiner ti ṣe gudugudu méje lórí Azospirillum, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ Embrapa fọwọ́ sí i pé kí àgbẹ̀ tó bá lo ẹ̀yà rẹ̀ méjì, Ab-V5 àti Ab-V6, dín náítírójìn tí wọ́n ń fi kún àgbàdo lẹ́yìn tó bá hù kù ní ìdá kan nínú mẹ́rin.

Ohun abẹ̀mí ni bakitéríà yìí o: oòrùn ń pa á, oògùn apolú, ìyẹn oògùn olú tó ń ba irúgbìn jẹ́, tí wọ́n pò mọ́ irúgbìn lè pa á pẹ̀lú. Abẹ́ ibòji ni kí ẹ ti pò ó mọ́ irúgbìn, kí ẹ sì gbìn ín lọ́jọ́ náà. Èrè rẹ̀ kì í dọ́gba lórí gbogbo ilẹ̀.