Díìṣì mẹ́ta lórí máàsì: báwo ni ẹrù tí atẹ́gùn máa kó lé e ṣe pọ̀ tó?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹnjiníà. Máàsì wa, òpó irin tí wọ́n ń so ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ mọ́, tó wà l'Ọ́yọ̀ọ́ ga ní mítà 30, onígun mẹ́rin ni, ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ ní mítà 2. A fẹ́ so díìṣì mẹ́ta kún un lókè. Wẹ́dà wa, ẹni tó ń bá wa jó irin, ní kò séwu, pé ihò ló pọ̀ lára rẹ̀, atẹ́gùn á kàn gba àárín kọjá ni. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Wẹ́dà yín ò parọ́, àmọ́ kò sọ ọ́ tán. Atẹ́gùn tó ráyè gba iwájú kọjá ṣì máa kọlu irin tó wà lẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí TIA-222, ìlànà Amẹ́ríkà lórí irú òpó báyìí, fi ní ká wọn irin ojú kan, ká wá sọ ọ́ di ìlọ́po. Bí angle iron (irin tó ṣẹ́ bíi lẹ́tà L) bá gba ìdá kan nínú márùn-ún ojú náà, ìlọ́po ọ̀hún fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3.

Ẹ mú eré atẹ́gùn, iye mítà tó ń sá ní sẹ́kọ́ńdì kan, ẹ fi lọ́po ara rẹ̀, kí ẹ tún fi 0.613 lọ́po èyí tó bá jáde. Eré 40 á fún yín ní 981 Newton (òdiwọ̀n agbára) lórí ibi tó gùn ní mítà kan tó sì fẹ̀ ní mítà kan, bí ìgbà tí àpò sìmẹ́ńtì méjì bá jókòó lé e. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin. Torí náà, ẹ má fi atẹ́gùn ọyẹ́ ṣe òdiwọ̀n o. Ti ìjì tó ń ṣáájú òjò àkọ́rọ̀ ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ NiMet, àjọ tó ń rí sí ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà. Kí ẹ sì rántí pé mítà 10 sókè láti ilẹ̀ ni wọ́n ti sábà máa ń wọn atẹ́gùn. Tòkè le jù ú lọ.

Díìṣì yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù, torí òun ò níhò. Ká ní ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní mítà 1.2, tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì kọjú sí atẹ́gùn eré 40 yẹn ní mítà 28 sókè: bíi 3,300 Newton nìyẹn, láìtíì ka ti ìrísí wọn. Ẹ fi 28 lọ́po rẹ̀, ẹ fi mítà 2 ìsàlẹ̀ pín in, ẹsẹ̀ méjì á sì pín èyí tó kù: ó lé ní tọ́ọ̀nù 2 tí atẹ́gùn fẹ́ fi fa ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan tu nílẹ̀. Bó bá wá gba igun wọlé, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló máa dá ohun tó lé díẹ̀ ní tọ́ọ̀nù 3 jẹ. Ti máàsì fúnra rẹ̀ ò tíì sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ti wáyà.

Ẹ jẹ́ kí ẹnjiníà wo bóòtì ìsàlẹ̀ àti bí kọnkéré ṣe tóbi tó kí ẹnikẹ́ni tó gun òkè. Bí nǹkan kan ò bá dí ojú díìṣì, ẹ so wọ́n ní mítà 18: ẹrù tí wọ́n ń dì lé ẹsẹ̀ á dín ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ.