Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Wàláà amọ̀ àwọn ará Sumer

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Aládìrẹ ni mí ní Ìtòkú. Wọ́n ní ìṣirò ọjà ni àwọn ará Sumer fi bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkọ. Ṣé òótọ́ ni? Àrokò tiwa ńkọ́?

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni. Ní Uruk, ìlú àwọn ará Sumer àtijọ́, tí wọ́n ń pè ní Warka lónìí ní gúúsù Ìráàkì, àwọn awalẹ̀pìtàn Jámánì ti hú wàláà amọ̀ bí 5,000, odidi àti àfọ́kù. Èyí tó pẹ́ jù nínú wọn ti wà láti nǹkan bí ọdún 3300 kí wọ́n tó bí Jésù. Nínú 100, bí 85 ló jẹ́ àkọsílẹ̀ ẹrù: ọkà báálì, àgùntàn, ọtí, aṣọ. Ìyókù jẹ́ àtòjọ ọ̀rọ̀ tí àwọn akọ̀wé fi ń kọ́ṣẹ́. Kò sí ìtàn níbẹ̀, kò sí orin. Inú pàǹtírí tí wọ́n fi kún ilẹ̀ ni wọ́n ti rí èyí tó pọ̀ jù. Wọ́n ti lò ó tán ni wọ́n dà á nù.

Kí wàláà tó dé, ègé amọ̀ kéékèèké ni wọ́n fi ń ka ẹrù. Wọ́n á kó o sínú bọ́ọ̀lù amọ̀ oníhò, wọ́n á dí i, wọ́n á wá yí òǹtẹ̀ òkúta lórí rẹ̀ bí ẹni yí ọmọ odó. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹni tó bá fẹ́ mọ iye tó wà nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ fọ́ ọ. Ni wọ́n bá ń tẹ iye náà sí ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀yìn ti sọ ọ́, kí ni inú tún ń ṣe? Bọ́ọ̀lù di pẹlẹbẹ. Awalẹ̀pìtàn Denise Schmandt-Besserat ló là á bẹ́ẹ̀. Pé àmì nọ́ńbà ti ara ègé amọ̀ wá ni àwọn onímọ̀ gbà jù, pé àwòrán ẹrù náà ti ibẹ̀ wá ni wọ́n ṣì ń jiyàn lé.

Ẹ má fojú kéré àrokò o. Owó ẹyọ mẹ́fà ń sọ pé ọkàn mi fà sí ọ, nítorí ẹ̀fà àti fà dún jọra. Ọgbọ́n kan náà ni àwọn ará Sumer dá lẹ́yìn náà: ọfà ń jẹ́ «ti» lédè wọn, ìyè náà sì ń jẹ́ «ti», ni wọ́n bá ya ọfà fún ìyè. Láìsí ọgbọ́n yẹn, orúkọ ènìyàn pàápàá kò ṣeé kọ dáadáa.

ÌBÉÈRÈ: Olùkọ́ ni mí ní Làfẹ́ńwá. Mo ní kí àwọn ọmọ ṣe wàláà, gbogbo rẹ̀ ló sán. Báwo ni wọ́n sì ṣe máa kọ àgùntàn 75?

ÌDÁHÙN: Oòrùn ló bà á jẹ́. Ẹ̀yìn amọ̀ ń gbẹ, ó ń sún kì, inú ṣì tutù, ló fi ń ya. Ẹ gba amọ̀ lọ́wọ́ àwọn amọ̀kòkò, ẹ ṣa òkúta kúrò, ẹ pò ó títí afẹ́fẹ́ fi máa jáde. Bíi gíráàmù 150 tó ọmọ kan: kó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 7, kó fẹ̀ ní 5, kó nípọn ní 2. Bó bá ń lẹ̀ mọ́ igi tí ẹ fi ń tẹ àmì, ó ṣì tutù jù, ẹ ní sùúrù. Bí etí àmì bá ń ya, ó ti gbẹ jù. Abẹ́ ìbòji ni kó wà fún ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí ẹ máa yí i padà. Ẹ má sun ún níná: omi inú rẹ̀ á di oru, á bú u.

Ẹ wá igi méjì tí orí rẹ̀ rí roboto, ọ̀kan bíi pẹ́ńsùlù, èkejì bí àtàǹpàkò. Igi tínrín tí ẹ dà gẹ̀rẹ̀ ni 1. Tí ẹ bá mú un dúró ṣánṣán tẹ̀ ẹ́, tó yọ roboto, 10 ni. Igi ńlá tí ẹ dà gẹ̀rẹ̀ ni 60. Fún 75, ẹ tẹ gẹ̀rẹ̀ ńlá kan, roboto kékeré kan, gẹ̀rẹ̀ kékeré márùn-ún, kí ẹ wá fa òbìrí kan tí àgbélébùú wà nínú rẹ̀: àgùntàn nìyẹn.

Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣìnà rèé. Roboto kékeré yẹn jẹ́ 10 fún àgùntàn, ṣùgbọ́n tí ọkà bá ni wọ́n ń wọ̀n, ìlọ́po 6 gẹ̀rẹ̀ kékeré ló jẹ́. Ẹrù ló ń sọ irú ìṣirò tí ẹ máa lò, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ wo àwòrán ẹrù kí ẹ tó ro iye.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé èdè Sumer bá Yorùbá tan?

ÌDÁHÙN: Rárá. Kò sí èdè kankan tí a mọ̀ tó bá a tan.