Ọwọ́ bíréèkì tó ń dán lórí Electra Glide: èwo ni kí n pààrọ̀, èwo ni kí n fi sílẹ̀?

ÌBÉÈRÈ

Òkun o, ọmọ mi. Ìsánlú ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, mo gbé alùpùpù mi bọ̀ wálé, Harley-Davidson Electra Glide ti ọdún 2007. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò yọ mí lẹ́nu rárá, ṣùgbọ́n ọ̀dà ara ọwọ́ bíréèkì àti ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì ti ń bó, kò sì wù mí mọ́. Ọ̀gbẹ́ni kan ní Èkó ní òun ní páálí kan tí gbogbo nǹkan ọwọ́ wà nínú rẹ̀, kúróòmù ni gbogbo wọn: ọwọ́ méjèèjì, másítà bíréèkì (ilé ọ́ìlì bíréèkì tó wà lórí áńdù) pẹ̀lú ìdérí rẹ̀, àti ilé súìṣì tọ̀tún-tòsì. Wọ́n kọ “2008–2013 Touring” sára páálí náà. Ẹlòmíràn ní kí n má fowó ṣòfò, kí n tú ti tẹ́lẹ̀ wá, òun á fi kúróòmù bò ó. Ta ni kí n dá lóhùn nínú wọn? Ṣé ọmọ tó ń bá wa tún ọ̀kadà ṣe níhìn-ín lè so wọ́n? Ṣé kúróòmù sì lè pẹ́ nínú eruku àti òjò tiwa yìí?

ÌDÁHÙN

Òkun o, Bàbá. Ẹ kú àbọ̀ sílé. Ẹ má dá èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì lóhùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀, kí n tó sọ ohun tí mo bá ṣe ká ní èmi ni mo ni máṣíìnì yẹn.

Páálí Èkó ná. Ọdún kan péré ló wà láàárín 2007 àti 2008, àmọ́ ní ti àwọn Harley ọ̀nà jíjìn, tí wọ́n ń pè ní Touring, ibẹ̀ gan-an ni nǹkan ti yí padà. Lórí tiyín, tí ẹ bá lọ́ ọwọ́ ọ̀tún láti fún ẹ́ńjìnnì níná, wáyà onírin ló ń fà á. Ní 2008 wọ́n yọ wáyà yẹn kúrò, wọ́n fi sẹ́ńsọ̀ oníná rọ́pò rẹ̀. Ọdún yẹn náà ni wọ́n gbé bíréèkì ilé iṣẹ́ Brembo wọlé, tí ẹni tó bá fẹ́ sì lè rà á pẹ̀lú ABS, èyí tí kì í jẹ́ kí táyà há tí èèyàn bá fa bíréèkì lójijì. Nítorí náà, ohun tí wọ́n ṣe fún 2008 sókè, bó ti wù kó dán tó, kì í ṣe tiyín. Ọ̀gbẹ́ni yẹn lè sọ fún yín pé “ó máa wọ̀, ẹ kàn máa ha á díẹ̀ ni.” Ohun tí a ń fi ọwọ́ fà láti dá nǹkan tó wúwo tóyẹn dúró kì í ṣe ohun tí à ń ha kó tó wọ̀. Èyí tí wọ́n bá kọ 1996–2007 sí lára ni kí ẹ wá.

Kódà ká ní ọdún rẹ̀ bá tiyín mu, mi ò ní gbà kí ẹ pààrọ̀ másítà torí pé ó ń dán. Ìwọ̀n ihò inú másítà ló ń sọ bí bíréèkì ṣe máa ṣiṣẹ́. Tí ihò yẹn bá fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ọwọ́ bíréèkì á le bí igi ọmọrí odó, ẹ ó fà á, ẹ ó fà á, máṣíìnì á sì máa lọ. Tí ó bá kéré jù, ọwọ́ á rọ̀ wọ̀ọ̀, á sì fẹ́ẹ̀ kan áńdù kí bíréèkì tó mú. Harley fúnra wọn ní másítà ọ̀tọ̀ fún alùpùpù tí díìsì kan (àwo irin tí bíréèkì ń fún mọ́ra) wà níwájú rẹ̀, wọ́n ní òmíràn fún èyí tó ní méjì. Méjì ni tiyín. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta á kò mọ̀yàtọ̀. Kúróòmù ni wọ́n mọ̀. Tí ẹ bá sì tú másítà, ọ́ìlì á jò, afẹ́fẹ́ á wọlé, wọ́ṣà tó wà níbi tí páìpù ti so mọ́ ọn kò ṣeé lò lẹ́ẹ̀kejì. Wàhálà tí kò pọn dandan ni. Ẹ fi másítà yín sílẹ̀ níbi tó wà, kí ẹ pààrọ̀ ìdérí rẹ̀ nìkan. Súkúrú méjì ni. Òun ló kọjú sókè, òun ni oòrùn ń tàn sí, òun ni gbogbo ayé ń rí.

Kí ẹ tó ṣí i, ẹ da aṣọ tútù bo táǹkì epo tó wà níwájú yín, nítorí ọ́ìlì bíréèkì ń jẹ ọ̀dà bí àgbọ̀nrín ṣe ń jẹ ewé ẹ̀gẹ́. Tó bá kán sílẹ̀, omi ni kí ẹ sáré dà sí i, ẹ má fi aṣọ gbígbẹ nù ún. Wọ́n kọ irú ọ́ìlì tó ń lò sórí ìdérí: DOT 4. Ẹ rí i pé ìdérí tuntun náà kò tàn yín. Ẹlòmíràn á rò pé DOT 5 dára jù torí nọ́ḿbà rẹ̀ ga jù. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o. DOT 3 àti DOT 4 jẹ́ ẹbí kan náà, wọ́n kàn yàtọ̀ ní bí wọ́n ṣe ń gba ooru ni: èyí tó jẹ́ 3 kò gbọdọ̀ hó kó tó dé 205°C, 4 kò gbọdọ̀ hó kó tó dé 230°C. DOT 5 ní tiẹ̀, sílíkóònù ni, kò bá wọn tan rárá. Ẹ má pò wọ́n pọ̀.

Ó ku ẹni tó ní òun á fi kúróòmù bo ti tẹ́lẹ̀. Kúróòmù tí ẹ ń rí kì í dá dúró. Bàbà ló sábà máa ń wà nísàlẹ̀, níkẹ́ẹ̀lì á tẹ̀ lé e, kúróòmù á wá wà lókè pátápátá, tín-ín-rín ju bébà lọ lọ́nà jíjìn. Níkẹ́ẹ̀lì ló ń fún un ní dídán. Iṣẹ́ kúróòmù ni kí dídán náà má ṣá. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́ owó á fo ìsàlẹ̀, òkè nìkan ni á ṣe, ẹ ó sì gbé e lọ sílé tayọ̀tayọ̀. Òjò kan, ẹ̀ẹ̀rùn kan, ó ti ń wú bí awọ ẹni tí iná jó. Alumíníọ̀mù sì ni ọwọ́ bíréèkì yín. Bí wọ́n bá ti ń ha á báyìí ni afẹ́fẹ́ ti ń bo ojú rẹ̀ padà, kúróòmù kì í sì dì mọ́ irú ojú bẹ́ẹ̀ àfi tí wọ́n bá fi síńkì pa á lójú ná. Ẹni mélòó ló ń ṣe ìyẹn? Ẹ fi kún un pé ihò tí píìnì ń gbà kọjá á dín kù tí kúróòmù bá wọ inú rẹ̀, ọwọ́ á wá máa há. Ní ti bóòtù irin líle tó di bíréèkì mú, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rì í sínú ásíìdì wọn. Háídírójìn lè wọ inú irú irin bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, kó wá kán lójijì lọ́jọ́ tí ẹ kò retí rẹ̀, láì jẹ́ pé ó kọ́kọ́ tẹ̀.

Ohun tí mo bá rà nìyí, ká ní èmi ni: ọwọ́ bíréèkì àti ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì kúróòmù ti 1996–2007, ìdérí másítà, àti dígí méjèèjì tí owó bá ṣì kù. Ilé súìṣì, mi ò ní fọwọ́ kàn án. Ìdí wáyà wà nínú rẹ̀, lórí 2007 ẹ máa gé, ẹ máa jó o pọ̀ pẹ̀lú òjé, gbogbo rẹ̀ nítorí irin tí àtẹ́lẹwọ́ yín á bò mọ́lẹ̀.

Wàyí o, títú ọwọ́ bíréèkì. Níbí ni mo fẹ́ kí ọmọ yẹn ti fara balẹ̀. Súìṣì kékeré kan wà nínú ilé súìṣì ọwọ́ ọ̀tún, òun ló ń tan iná ẹ̀yìn tí ẹ bá fa bíréèkì. Ọwọ́ bíréèkì ló ń tì í. Tí ẹ bá kàn tú súkúrú tó di másítà mọ́ áńdù, tí ẹ sì fà á kúrò, ẹnu súìṣì yẹn á kán. Mo mọ̀ ọ́n torí mo ti kán an rí. Ẹnìkan gbé tirẹ̀ wá bá mi ní Kàbbà láti Lọ́kọ́ja, mo ń kánjú, mo gbọ́ “kẹ́”, bí ìgbà tí èèyàn fọ́ ẹ̀pà kan ṣoṣo. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Nígbà tí mo so gbogbo rẹ̀ padà, mo fa ọwọ́ bíréèkì, iná ẹ̀yìn kò tàn. Mo tẹ ti ẹsẹ̀, ó tàn. Ó di dandan kí n sọ fún un, èmi ni mo sì san owó súìṣì náà. Ohun tí ìwé àtúnṣe wí ni pé kí èèyàn fi páálí tó nípọn tó mílímítà 4 há àárín ọwọ́ bíréèkì àti ibi tó jókòó sí, kó tó tú ohunkóhun. Páálí bísíkíìtì ni mo ń ká báyìí, mo ń fi rúlà wọ̀n ọ́n, mo sì ń fi há a títí tí màá fi dè é tán. Másítà á máa gbé lórí páìpù rẹ̀, kí ìdérí rẹ̀ kọjú sókè, kí afẹ́fẹ́ má baà wọlé.

Òrùka irin kékeré ẹlẹ́nu ló di píìnì mú nísàlẹ̀. Tó bá fò, koríko ló ń lọ, ẹ ò ní rí i mọ́. Ẹ fi ọwọ́ ara yín àti òrùka náà sínú ọ̀rá kan kí ẹ tó yọ ọ́. Tí òrùka bá ti yà, ẹ ra tuntun.

Ti kílọ́ọ̀ṣì rọrùn jù, wáyà ni tiyín, kì í ṣe ọ́ìlì. Ẹ̀tàn kan ṣoṣo wà níbẹ̀. Orí wáyà yẹn wọ píìnì kékeré kan nínú ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì, píìnì náà sì gbọ́dọ̀ máa yí bí ẹ ṣe ń fà á. Ẹ fi gírísì sí i, kí ẹ fi ìka yí i kí ẹ tó dè é. Tí kúróòmù bá ti dí ihò rẹ̀, tí kò yí, orí wáyà ni yóò máa tẹ̀ dípò rẹ̀, okùn rẹ̀ á máa já lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ dá irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ padà fún ẹni tó tà á. Lẹ́yìn tí ẹ bá so ó tán, kí àlàfo wà láàárín orí ìbòrí wáyà àti ibi tó ti wọlé, mílímítà 1.6 sí 3.2, bí igi ìṣáná kan. Tí kò bá sí àlàfo, kílọ́ọ̀ṣì á máa yọ̀, á sì jó. Tí ó bá pọ̀ jù, jíà á máa ké.

Ní ti ọmọ tó ń bá yín tún ọ̀kadà ṣe, ọwọ́ rẹ̀ lè mọ́ ju tèmi lọ, irinṣẹ́ rẹ̀ ni mò ń bẹ̀rù. Boxer ń lo sípánà mílímítà, Harley ń lo ínǹṣì. Sípánà 13 á dà bíi pé ó wọ nọ́ọ̀tì ½ ínǹṣì, àmọ́ á máa mì díẹ̀, ìgbà tó bá fa á gidi ló máa bó o lórí. Súkúrú ibẹ̀ náà, orí ìràwọ̀ ni, T25 àti T27. Kó má fi súkúdíráfà lásán gbo ó. Súkúrú ìdérí másítà sì wà nínú alumíníọ̀mù, ìka méjì ni kó fi fún un, kì í ṣe apá.

Eruku àti òjò kò ní pa kúróòmù tó jẹ́ ojúlówó. Nínù gbígbẹ ló ń pa á. Lọ́yẹ́, gbogbo wa ń fa aṣọ gbígbẹ yọ, a ń nù, iyanrìn inú eruku pupa yẹn sì ń ha á bí bébà yanrìn. Omi àti ọṣẹ díẹ̀ kọ́kọ́, aṣọ rírọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ká sì fi wáàsì kùn ún lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Tí ẹ bá gba ọ̀nà Ọbájánà kọjá lẹ́yìn àwọn tírélà símẹ́ńtì, ẹ má jẹ́ kí ìyẹ̀fun yẹn sùn lórí rẹ̀ títí ìrì yóò fi rin ín. Símẹ́ńtì tútù ń jẹ alumíníọ̀mù. Ẹ má fi irin ìfọkòkò kàn án, ẹ má fi omi ìfọṣọ funfun kàn án. Ohun mìíràn tí àwọn tó ń tà á kì í sọ ni pé lọ́sàn-án oṣù Ẹrẹ́nà, oòrùn á ta lára ìdérí másítà sójú yín. Ẹ wọ dígí ojú dúdú.

Kí ẹ tó jáde, ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ yí áńdù sọ́tùn-ún dé òpin, sósì dé òpin. Tí ohùn ẹ́ńjìnnì bá yí padà, wáyà kan ti ń fà. Ẹ fa bíréèkì níwájú, kí ẹnìkan wo iná ẹ̀yìn. Ẹ rìn ín díẹ̀ nínú ọgbà ní jíà kìíní, ẹ fi bíréèkì iwájú nìkan dá a dúró nígbà mẹ́ta, lẹ́yìn náà kí ẹ tó gbà á dé Mọ̀pà.

Tí ó bá wá di pé Kàbbà lẹ óò gbé e wá fún mi, ẹ má ju ọwọ́ àtijọ́ nù o. Ẹ mú wọn dání pẹ̀lú páálí tuntun. Ihò píìnì wọn ni mo fẹ́ fi wọn ti tuntun, kí n tó fọwọ́ kan súkúrú kankan.