Kí Ni Ìtumọ̀ Ryijy, Aṣọ Onírun Tí Àwọn Ará Fínlándì Ń Gbé Kọ́ Ògiri?

Ẹnìkan béèrè ìdí tí àwọn ará Fínlándì fi ń gbé aṣọ onírun tó nípọn, tí wọ́n ń pè ní ryijy, kọ́ sára ògiri, àti ohun tó pa aṣọ náà pọ̀ mọ́ ìgbéyàwó.

Òtútù ló bí ryijy. Aṣọ ìbora ni ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Irun àgùntàn ni wọ́n fi ń hun ún: bí ahunṣọ bá hun ìlà mélòó kan tán, á so àwọn ègé òwú kéékèèké mọ́ ọn ní kókó kókó, kí irun lè yọ jáde lójú aṣọ náà. Láyé àtijọ́, ojú onírun yìí ni wọ́n ń kọ sí ara ẹni tó sùn, nítorí pé òun ló ń mú ara móoru. Àwọn apẹja náà ń fi í bora nínú ọkọ̀ ojú omi, torí pé awọ ẹran máa ń le bí omi òkun bá rin ín, ṣùgbọ́n irun àgùntàn kì í le bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó fi máa di ọ̀rúndún kejìdínlógún, ryijy ti di ohun ìgbéyàwó. Orí rẹ̀ ni tọkọtaya máa ń dúró sí bí àlùfáà bá ń so wọ́n pọ̀, wọ́n sì máa ń hun lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ àwọn méjèèjì àti ọdún ìgbéyàwó sí i lára, pẹ̀lú òdòdó tàbí igi ìyè. Ẹ̀rí ìdílé ni aṣọ bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń fi irú rẹ̀ sùn lójoojúmọ́. Bó ṣe dé ara ògiri nìyẹn.

Ibi tí mo kà sí pàtàkì jù ni bí àṣà yìí ṣe wọnú iṣẹ́ ọnà òde òní. Ní 1879, nígbà tí Fínlándì ṣì wà lábẹ́ ọba Rọ́ṣíà, ayàwòrán obìnrin kan, Fanny Churberg, dá Ẹgbẹ́ Àwọn Ọ̀rẹ́ Iṣẹ́ Ọwọ́ Fínlándì sílẹ̀, kí àwọn ọnà àtijọ́ má bàa parun. Ẹgbẹ́ yìí ló hun ryijy tí Akseli Gallen-Kallela, ayàwòrán ará Fínlándì, ya ọnà rẹ̀ fún ilé tí Fínlándì fi ṣojú ara rẹ̀ níbi ìpàtẹ àgbáyé ní Paris ní 1900. Orúkọ rẹ̀ ni Liekki, èyíinì ni ọwọ́ iná. Ó ti ara ògiri sọ̀ kalẹ̀, ó bo ìjókòó gígùn, ó sì tẹ́ dé ilẹ̀. Orílẹ̀-èdè tí kò tíì gba òmìnira fi aṣọ ìbora àwọn àgbẹ̀ sọ fún ayé pé òun wà. Ohun ńlá ni lójú mi.

Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, Eva Brummer, obìnrin oníṣẹ́-ọnà aṣọ ará Fínlándì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún ryijy dá lọ́nà mìíràn: Brummer ń gé irun aṣọ náà ní gígùn àti kúkúrú, kí ìmọ́lẹ̀ lè máa yí padà lójú rẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí ryijy tó ní lẹ́tà orúkọ àti ọdún lára, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti ìgbéyàwó. Bí kò bá sí lẹ́tà, tí àwọ̀ kan sì ń wọnú èkejì láìsí ààlà, iṣẹ́ oníṣẹ́-ọnà ọ̀rúndún ogún ni ó sábà máa ń jẹ́.