Wọ́n ní mo ní H. pylori: ṣé jẹjẹrẹ ikùn ti dé nìyẹn?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Wọ́n gún mi lọ́mọ ìka ní kẹ́mísìtì kan, wọ́n ní mo ní H. pylori, kòkòrò kan tó ń gbé inú ikùn. Alágbo kan wá ní ìlú kan wà ní Kòlómbìà tí kòkòrò yìí ti fi jẹjẹrẹ ikùn dà láàmú, pé àfi kí n ra àgbo ìfọnú, ₦45,000. Ṣé kí n san án? Ọmọ ọdún 38 ni mí.

ÌDÁHÙN: Ẹ má san án, àǹtí mi. Ẹ̀yin lẹnì kẹfà tó máa bi mí nírú èyí láti oṣù tó kọjá. Iye tí wọ́n ń ta àgbo nìkan ló ń yàtọ̀.

Ìdajì ìtàn ni alágbo yín gbọ́. Lóòótọ́, ìlú kan wà lórí òkè ní ìpínlẹ̀ Nariño, ní Kòlómbìà, Túquerres lorúkọ rẹ̀. Nínú 100,000 èèyàn níbẹ̀, jẹjẹrẹ ikùn ń mú bí 150 lọ́dún. Ó pọ̀ jọjọ. Ṣùgbọ́n ṣé ó sọ ti Tumaco fún yín? Nariño kan náà ni, létí òkun, bí 200 kìlómítà sí Túquerres. Bí 6 péré nínú 100,000 ni tiwọn. Bẹ́ẹ̀, nínú èèyàn 10 ní ìlú méjèèjì, bí 9 ló gbé H. pylori sínú! Bó bá jẹ́ pé ẹni tó ti ní kòkòrò ti ní jẹjẹrẹ, ta ni ì bá ṣẹ́kù ní Tumaco?

Oúnjẹ wà nínú ohun tó fà á. Ará etí òkun ń jẹ ẹja àti èso ju ará òkè lọ. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti ìran. Ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti Áfíríkà ló pọ̀ jù ní Tumaco, kòkòrò inú wọn náà sì bá àwọn baba ńlá wọn wá. Ìwádìí kan tó jáde ní 2014 fi hàn pé níbi tí ara àti kòkòrò ti jọ gbé láti ìran dé ìran, ọṣẹ́ rẹ̀ kéré. Lára àwọn onílẹ̀ orí òkè, àlejò ni irú kòkòrò tó ti Áfíríkà wá yẹn, ó sì ń ba nǹkan jẹ́ gan-an.

Ẹ má tìtorí ìyẹn sọ pé jẹjẹrẹ ikùn kì í ṣe àwa o. Mo ń rí i nílé ìwòsàn, wọ́n sì máa ń pẹ́ kí wọ́n tó gbé e wá. Láti 1994 ni àjọ tó ń rí sí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ka kòkòrò yìí mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n nínú 100 tó ní i, 1 sí 3 ló ń kángun síbẹ̀, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún.

Àyẹ̀wò ọmọ ìka yẹn kò mọ kòkòrò àná yàtọ̀ sí tòní. Ti ìgbẹ́ tàbí ti èémí ni kẹ́ ẹ ṣe. Bẹ́ ẹ bá ń lo omeprazole (oògùn tó ń dín omi kíkan inú kù), ẹ sọ fún dókítà yín ṣáájú, torí ó lè jẹ́ kí àyẹ̀wò parọ́. Bó bá wà níbẹ̀, oògùn apakòkòrò pẹ̀lú èyí tó ń dín omi kíkan inú kù ni wọ́n máa kọ fún yín, ọjọ́ 14 lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ lò ó tán. Àgbo ìfọnú á kàn mú yín ṣu ni. Inú ohun yíyọ̀ tó bo ara àpòlúkù ni kòkòrò yẹn sá pamọ́ sí.

N ò tíì fojú rí yín, nítorí náà ẹ má fi èyí rọ́pò dókítà tó máa yẹ̀ yín wò. Bẹ́ ẹ bá ń bì ẹ̀jẹ̀, tí ìgbẹ́ yín dúdú bí ọ̀dà, tí oúnjẹ ń há yín lọ́fun, tàbí tẹ́ ẹ ń rù láìnídìí, ẹ lọ sílé ìwòsàn lónìí.

₦45,000 yẹn, ẹ fi ṣe àyẹ̀wò ìgbẹ́. Ó ṣeé ṣe kí ṣéńjì kù.